Kóró, Irúgbìn àti Èso: Àwọn Ọ̀rọ̀ tí a Nílò fún Gbígbin Igi Eléso láti inú Kóró ní Àyíká Ilé

1.0 Ìfáárà

Àgbárá jẹ́ ìlú kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lẹ́bàá ọ̀nà tí ó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Láti ẹ̀wádún 1970, nígbà tí Olóyè Adéyẹmí Lawson bẹ̀rẹ̀ ọgbà ilé-iṣẹ́ ńlá tí a mọ̀ mọ́ orúkọ ìlú náà, ni ilé àti ilé-iṣẹ́ ti ń gba ipò oko níbẹ̀. Ẹni tí ó ń gbé irú ìlú bẹ́ẹ̀ kì í ní oko. Àgbàlá ni ó ní, ìgbà mìíràn kò sì ju ẹ̀gbẹ́ ògiri kan lọ. Síbẹ̀, ó ń ra àgbálùmọ̀, ó ń ra máńgòrò àti ìbẹ́pẹ, ó ń jẹ ẹ́, kóró sì ń ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Gbígbin kóró yìí kò ná an lówó. Bí ó ti yẹ kí ó gbìn ín ni ó ṣòro, nítorí pé kì í ṣe gbogbo kóró ni ìwà wọn rí bákan náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣiṣẹ́ lórí èdè. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àṣewò ọlọ́dún mẹ́fà tí wọ́n fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì, a ti mọ̀ pé èdè yìí tó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Èdè-ìperí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olótùú rẹ̀ ní 1984 gbájú mọ́ ọ̀rọ̀ tí ó jẹ mọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni. Àwọn ọ̀rọ̀ oko àti ọgbà ṣì ń fẹ́ àkíyèsí.

Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé, nínú ẹ̀kọ́ nípa igi eléso, bí ọ̀rọ̀ kan bá ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan méjì tí kò jọra, kì í ṣe òye akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò dàrú. Kóró tí ó gbìn pàápàá lè kú. A ó yẹ àwọn ọ̀rọ̀ tí ó wà nílẹ̀ wò, a ó dá díẹ̀ sí i níbi tí ó bá pọn dandan, a ó sì lò wọ́n láti ṣàlàyé iṣẹ́ náà.

2.0 Èso, kóró, hóró àti irúgbìn

A máa ń gbọ́ ọ ní kíláàsì kí olùkọ́ sọ pé, 'Ẹ gbin èso yìí sínú ilẹ̀.' Èso kọ́ ni ó ní lọ́kàn. Inú ọ̀rọ̀-ìṣe so ni èso ti wá: ohun tí igi so ni, pẹ̀lú èèpo rẹ̀, ẹran ara rẹ̀ àti ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Kóró ni ohun tí ó wà nínú èso, tí igi mìíràn lè hù láti inú rẹ̀. Hóró kò jẹ́ ẹ̀yà ara igi rárá. Ọ̀rọ̀ tí a fi ń ka ẹyọ nǹkan kéékèèké ni, bí a ti ń sọ pé hóró àgbàdo kan tàbí hóró iyọ̀.

Irúgbìn yàtọ̀ sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yìí ń tọ́ka sí: ohunkóhun tí a bá yà sọ́tọ̀ láti gbìn ni irúgbìn. Èbù iṣu jẹ́ irúgbìn, bẹ́ẹ̀ ni igi ẹ̀gẹ́ tí a gé àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀. Kò sí èyí tí ó jẹ́ kóró nínú wọn. Kóró tí a sì jẹ tàbí tí a sọ nù kì í ṣe irúgbìn.

Kò yẹ kí a rò pé èdè Yorùbá kò mọ ìyàtọ̀ láàárín èso àti kóró. Níbi tí iṣẹ́ tàbí òwò bá ti béèrè rẹ̀, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni èdè náà fún wọn. Bàrà ni ó so, ẹ̀gúsí ni kóró rẹ̀. Òro ni èso, ààpọn ni ohun tí a là jáde láti inú kóró rẹ̀ tí a fi ń se ọbẹ̀. Ọ̀pẹ ni igi, ẹyìn ni èso, ẹ̀kùrọ́ ni ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Igi tí a kì í jẹ kóró rẹ̀, bí ọsàn àti àgbálùmọ̀, ni kò ní orúkọ ọ̀tọ̀ fún kóró. Fún irú wọn, 'kóró ọsàn' àti 'kóró àgbálùmọ̀' tó. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ olùtumọ̀ kò ju pé kí ó má ṣe fi èso pe kóró lọ.

3.0 Kóró àgbẹyè àti kóró àgbẹkú

Ìdàrúdàpọ̀ tí ó burú jù wà nínú ọ̀rọ̀ irúgbìn. Bí a bá dárúkọ irúgbìn, àgbàdo ni ó sábà ń wá sí ọkàn ọmọ Yorùbá: àgbàdo tí àgbẹ̀ yà sọ́tọ̀, tí ó so mọ́ àjà lókè ààrò kí èéfín máa fẹ́ ẹ títí di ìgbà òjò. Nítorí náà, ẹni tí a bá sọ fún pé kí ó tọ́jú irúgbìn àgbálùmọ̀ yóò sá a sóòrùn. Ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní agbègbè Àgbárá, iṣẹ́ tí a fún àwọn ọmọ ni pé kí wọ́n kó kóró àgbálùmọ̀ jọ ní àkókò ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n sá a kí ó gbẹ dáadáa, kí wọ́n sì gbìn ín nígbà tí òjò bá dé. Àwọn ọmọ náà ṣe bí a ti wí. Òjò dé, wọ́n gbìn ín, kò sí ẹyọ kan tí ó hù. Àwọn kan nínú wọn parí èrò sí pé ọwọ́ àwọn kò dára fún ọ̀gbìn. Ọwọ́ wọn kọ́ ni ó lẹ́bi, bí kò ṣe ìtọ́ni tí ó mú ìlànà àgbàdo bá kóró tí kì í ṣe ẹgbẹ́ àgbàdo.

Ní ọdún 1973 ni onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó kan, E. H. Roberts, pín kóró sí ìsọ̀rí méjì ní ìbámu pẹ̀lú bí wọ́n ti lè pẹ́ tó nínú ìpamọ́. Ìsọ̀rí kìíní ni àwọn tí a lè gbẹ, tí ẹ̀mí wọn kò sì ní bọ́: àgbàdo, ẹ̀wà, gúáfà. Bí irú kóró bẹ́ẹ̀ bá ń gbó lórí ìyá rẹ̀ ni omi ti ń kúrò lára rẹ̀. Ó sùn kí ó tó já bọ́. Ìsọ̀rí kejì kì í sùn. Omi púpọ̀ wà lára rẹ̀ nígbà tí èso bá já, ìmúra àtihù sì ti ń lọ lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Bí a bá fa omi yìí gbẹ, awọ tín-ín-rín tí ó yí àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ká yóò bàjẹ́, omi tí a bá bù sí i lẹ́yìn náà kò sì ní jí i mọ́. Máńgòrò, píà, kòkó àti obì wà nínú ìsọ̀rí yìí. Kóró àgbálùmọ̀ náà tètè ń pàdánù agbára híhù bí ó bá gbẹ.

Kí ni a ó máa pe ìsọ̀rí méjèèjì? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Roberts lò fún àkọ́kọ́ jẹ́ èyí tí a mọ̀ mọ́ ìjọ Kristẹni ìlà-oòrùn Yúróòpù. Èyí tí ó lò fún ìkejì ni a fi ń pe olóríkunkun. Bí a bá túmọ̀ wọn ní ṣáńgílítí, a ó ṣi ènìyàn lọ́nà. 'Kóró gbígbẹ' àti 'kóró tútù' náà kò tọ́, nítorí pé ipò tí kóró wà lónìí ni wọ́n ń sọ, wọn kò sọ ìwà rẹ̀. Kóró àgbàdo lè tutù, kóró máńgòrò sì lè gbẹ. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ó gbẹ ni ọ̀rọ̀ wà lé lórí.

A dábàá àgbẹyè fún ìsọ̀rí kìíní àti àgbẹkú fún ìkejì. Àpẹẹrẹ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí wà nínú èdè tẹ́lẹ̀: bí à- ti wà níwájú bí àti kú láti fún wa ní àbíkú, bẹ́ẹ̀ ni ó wà níwájú gbẹ àti yè, tàbí gbẹ àti kú. Àgbẹyè ni èyí tí ó gbẹ tí ó sì yè. Àgbẹkú ni èyí tí ó gbẹ tí ó sì kú. Kí olùkọ́ rí i pé ohùn àárín ni a fi pe gbẹ nínú méjèèjì, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà gbọ́ ọ bí àgbẹ̀, ẹni tí ń ro oko.

Ní ọdún 1990, Ellis, Hong àti Roberts fi kún un pé ìsọ̀rí kẹta wà láàárín méjèèjì. Kóró kọfí ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, ìbẹ́pẹ sì tẹ̀lé e. Irú kóró bẹ́ẹ̀ lè fara da gbígbẹ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n a kò lè gbẹ ẹ́ tó àgbàdo kí a sì fi pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kóró agbedeméjì ni a ó máa pè é.

Ìmọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn baba wa. Ẹni tí ń ṣòwò obì kì í sá obì sóòrùn. Ewé tútù ni ó fi ń tẹ́ inú agbọ̀n, òun ni ó sì fi ń bò ó. Ó ń tú u yẹ̀ wò lóòrèkóòrè, ó ń ṣa èyí tí ó bá bàjẹ́ kúrò, ó sì ń pààrọ̀ ewé. Bí a ti ń pa kóró àgbẹkú mọ́ gan-an nìyẹn. Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ kí àgbẹkú yé ọmọ kíláàsì rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti inú agbọ̀n obì.

4.0 Awẹ́

Obì tún ràn wá lọ́wọ́ níbòmíràn. Nínú kóró ni ọlẹ̀ igi wà, pẹ̀lú oúnjẹ tí yóò máa jẹ kí ewé rẹ̀ tó là. Nínú ọ̀pọ̀ kóró, ìpín ara tí oúnjẹ yìí wà nínú rẹ̀ ni a ń rí bí a bá la ẹ̀wà sí méjì. Orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu gbogbo ẹni tí ó bá ti pa obì rí: awẹ́ ni. Obì gbànja kì í ju awẹ́ méjì lọ. Obì àbàtà a máa ní mẹ́ta títí dé mẹ́fà, ìdí sì nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé àbàtà ni a fi ń bọ òrìṣà tí a sì fi ń dá obì, kì í ṣe gbànja.

Bí a bá gba awẹ́ wọlé, a rí orúkọ fún ìsọ̀rí ńlá méjì tí a pín igi àti koríko sí: aláwẹ́-kan, bí àgbàdo, ọ̀pẹ àti àgbọn, àti aláwẹ́-méjì, bí ẹ̀wà, ọsàn àti máńgòrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́n yóò béèrè ibi tí obì àbàtà wà, nígbà tí awẹ́ rẹ̀ lè jẹ́ mẹ́rin. Ìdáhùn ni pé láàárín àwọn aláwẹ́-méjì ni ó wà. Ìbátan gbànja ni, ewé àti òdòdó àwọn méjèèjì jọra, iye awẹ́ nìkan kọ́ sì ni a fi ń mọ ìsọ̀rí. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ dára. Ọ̀rọ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ nílé ni ó fún un láyè láti béèrè rẹ̀.

5.0 Ọmọ ajọ̀yá àti ọmọ ìdàpọ̀

Ẹni tí ó bá gbin kóró máńgòrò dídùn kan máa ń retí pé dídùn ni yóò so. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó sì lè má rí bẹ́ẹ̀. Bí lẹ́búlẹ́bú tí ó wà lára akọ òdòdó bá kan abo ni kóró ń wáyé. Nítorí náà kóró ní bàbá, bàbá náà sì lè jẹ́ igi kíkan tí ó wà ní àgbàlá kejì. Ọmọ tí ó bá wá láti inú ìpàdé yìí ni a ó máa pè ní ọmọ ìdàpọ̀.

Àwọn igi kan ń ṣe ju èyí lọ. Nínú kóró kan ṣoṣo, ọlẹ̀ mìíràn a máa yọ láti ara ìyá nìkan, láìsí ọwọ́ bàbá nínú rẹ̀. Igi tí ó bá hù láti inú irú ọlẹ̀ yìí bá ìyá rẹ̀ dọ́gba ní gbogbo ìwà àjogúnbá. Ọmọ ajọ̀yá ni. Bí a bá gbin kóró ọsàn mímu kan tí igi méjì tàbí mẹ́ta hù níbẹ̀, kì í ṣe pé a ṣèèṣì gbin kóró méjì. Kóró ọlọ́mọ-púpọ̀ ni. Nínú àwọn igi tí ó hù náà, èyí tí ó lágbára sábà máa ń jẹ́ ajọ̀yá, nígbà tí ọmọ ìdàpọ̀ sábà máa ń tín-ín-rín, ìgbà mìíràn kò tilẹ̀ ní yè.

Ní ti máńgòrò, irú èyí tí ó ti ilẹ̀ Íńdíà wá sábà máa ń jẹ́ ọlọ́mọ-kan, tí ọmọ ìdàpọ̀ nìkan wà nínú rẹ̀. Irú èyí tí ó ti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà wá sábà máa ń jẹ́ ọlọ́mọ-púpọ̀. Píà jẹ́ ọlọ́mọ-kan. Ẹni tí ó gbin kóró píà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé igi tuntun ni òun ń dá sílẹ̀, kì í ṣe ẹ̀dà èyí tí òun jẹ.

Sùúrù tún wà nínú rẹ̀. Ìbẹ́pẹ lè so láàárín ọdún kan tí a gbìn ín. Gúáfà ń gba ọdún méjì sí mẹ́rin. Máńgòrò àti ọsàn tí a fi kóró gbìn sábà máa ń gba ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, àgbálùmọ̀ kì í sì yá jù wọ́n lọ. Ẹni tí ó ń gbé ilé tí a yá a, tí kò sì mọ̀ bóyá òun yóò wà níbẹ̀ di ọdún mẹ́ta, á dára kí ó mọ èyí kí ó tó yan kóró tí yóò gbìn.

6.0 Hù, lọ́ àti lọ́ sára

Hù ni ọ̀rọ̀ fún ohun tí kóró ń ṣe nígbà tí gbòǹgbò àti ọ̀mùnú rẹ̀ bá jáde. Híhù ni orúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí a fi dàgbà tàbí yọ rọ́pò rẹ̀ nínú ìwé ẹ̀kọ́. Bí ọ̀mùnú bá ti ní ewé mélòó kan, a óò hú u pẹ̀lú erùpẹ̀ ìdí rẹ̀, a óò sì mú un lọ sí ibi tí yóò dúró sí. Lọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń pe èyí.

Ṣùgbọ́n lọ́ ní iṣẹ́ kejì. Nínú Bíbélì Yorùbá, ìwé Róòmù orí kọkànlá, lọ́ ni a lò fún fífi ẹ̀ka igi kan sára igi mìíràn kí wọ́n lè di ọ̀kan. Iṣẹ́ méjèèjì ṣe pàtàkì fún ẹni tí ń gbin igi eléso, nítorí pé igi àlọ́sára, èyí tí a mú ẹ̀ka rẹ̀ láti ara igi tí ó ti ń so, tètè ń so ju èyí tí a fi kóró gbìn lọ, ó sì dájú pé yóò jọ ibi tí a ti mú ẹ̀ka náà. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn èso àti ewébẹ̀ ti orílẹ̀-èdè, NIHORT, tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1975, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí iṣẹ́ wọn kan irú igi bẹ́ẹ̀.

Kò sí ìdí láti wá ọ̀rọ̀ tuntun. Ọ̀rọ̀ tí ó tẹ̀lé lọ́ ni ó ń ya ìtumọ̀ méjèèjì: a ń lọ́ igi sí ilẹ̀, a sì ń lọ́ ẹ̀ka sára igi. Kí a fi lílọ́ sílẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, kí lílọ́-sára sì dúró fún èkejì. Ẹni tí ó gbin kóró àgbẹkú lónìí tí ó sì bìkítà fún un lè rí ìdí igi tí a óò lọ́ ẹ̀ka dáradára sára rẹ̀ lọ́la.

7.0 Bí a ṣe lè gbìn ín

Fún àgbálùmọ̀, èso tí ó pọ́n dáadáa ni kí a mú. Kí a fọ kóró rẹ̀ títí tí ẹran ara èso yóò fi kúrò, kí a má ṣe sá a, kí a sì gbìn ín láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí kò bá sí àyè láti gbìn ín kíá, kí a fi aṣọ tútù wé e, kí a gbé e sí ibi tí oòrùn kò dé.

Máńgòrò ní èèpo líle tí ó ní okùn lára. Kí a fi ọ̀bẹ la etí rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí a yọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ láìṣá a lọ́gbẹ́, kí a gbìn ín pẹ̀lú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó tẹ̀ sókè, kí erùpẹ̀ sì bò ó díẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin ni ó sábà máa ń hù.

Kóró ìbẹ́pẹ ní awọ tí ń yọ̀ bí ilá, tí ó ń dí híhù lọ́wọ́. Kí a fi ọwọ́ ra á nínú omi títí tí awọ náà yóò fi bọ́. Kí a gbin mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí ojú kan, nítorí pé ìbẹ́pẹ ní akọ àti abo, a kò sì lè mọ̀ wọ́n yàtọ̀ kí wọ́n tó rudi. Nígbà tí òdòdó bá yọ ni a óò gé akọ tí ó bá pọ̀ jù kúrò.

Ike ọ̀dà àtijọ́ tí a fọ̀ mọ́ tí a sì dá ihò sí ìdí rẹ̀ tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilẹ̀ yanrìn etíkun kì í pa omi mọ́; kí a po ilẹ̀dú àti ajílẹ̀ tí ó ti jẹrà mọ́ ọn. Kí a gbé e sábẹ́ ìbòòji, kí a máa wọ́n omi sí i láìjẹ́ kí ó rẹ jù. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ó dára jù láti lọ́ ọ. Máńgòrò àti àgbálùmọ̀ ń di igi ńlá. Kí a má ṣe lọ́ wọn sí ìdí ògiri tàbí sórí ihò ìdọ̀tí.

8.0 Àkójọ ọ̀rọ̀

Àgbẹkú: kóró tí ó ń kú bí ó bá gbẹ.
Àgbẹyè: kóró tí ó ń yè lẹ́yìn tí ó bá gbẹ.
Agbedeméjì: kóró tí ó fara da gbígbẹ dé ìwọ̀n kan.
Ajọ̀yá: ọmọ igi tí ó yọ láti ara ìyá nìkan.
Àlọ́sára: igi tí a lọ́ ẹ̀ka mìíràn sára rẹ̀.
Awẹ́: ìpín ara kóró tí oúnjẹ ọlẹ̀ wà nínú rẹ̀.
Ìdàpọ̀, ọmọ: ọmọ igi tí ó ní ìyá àti bàbá.
Lílọ́: mímú ọ̀mùnú láti ibi tí ó hù sí lọ sí ibi tí yóò dúró sí.
Lílọ́-sára: fífi ẹ̀ka igi kan sára igi mìíràn.
Ọlọ́mọ-púpọ̀: kóró tí ọlẹ̀ inú rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ.

9.0 Ìgúnlẹ̀

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a tò sókè yìí, èyí tí a dá kò pọ̀. Àwọn olóbì, àwọn àgbẹ̀ àti àwọn olùtumọ̀ Bíbélì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú wa. Iṣẹ́ tí ó kù ni kí a lo ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan fún ohun kan, kí a sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ láti inú ìwé kan dé èkejì. A ń fẹ́ kí àwọn olùkọ́ dán àgbẹyè àti àgbẹkú wò ní kíláàsì, ní pàtàkì ní àkókò àgbálùmọ̀, kí wọ́n sì fi àbọ̀ ránṣẹ́ sí ìwé àtìgbàdégbà yìí. Bí àwọn ọmọ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó sàn ju tiwa lọ, kí a gbà á lọ́wọ́ wọn. Ohun tí a kò gbọdọ̀ tún ṣe ni kí a kọ́ wọn láti sá kóró àgbálùmọ̀ sóòrùn, kí a sì fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa dá ọwọ́ ara wọn lẹ́bi.